Kí ló ń dá gáàsì tútù inú àwọn gálásì S0 dúró tí kì í tètè di ìràwọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́Òfurufú kọ:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi tú u wò. Ó jẹ mọ́ àwọn gálásì onírísí lẹ́ńsì, àwọn tí à ń kọ ní S0. Edwin Hubble ló fi wọ́n sí oríta, láàárín àwọn gálásì onírísí ẹyin àti àwọn gálásì alápá, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1936. Wọ́n ní àwo ìràwọ̀ pẹrẹsẹ bíi ti gálásì alápá, àárín wọn sì wú bíi ti onírísí ẹyin, ṣùgbọ́n wọn kò ní apá, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ inú wọn ló sì ti darúgbó tí àwọ̀ wọn ti pọ́n.

Ìwé tí mo kọ́kọ́ kà sọ pé gálásì S0 ti kú: gáàsì rẹ̀ ti tán, kò sì lè bí ìràwọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí àbájáde ìwádìí ATLAS3D, tó wo gálásì 260 tí kò lápá, onírísí ẹyin àti S0 pọ̀, tí kò sí èyí tó jìnnà sí wa ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 137 ọdún-ìmọ́lẹ̀ lọ. Ní 2011 ni wọ́n kéde pé àwọn rí gáàsì alámólékù nínú ìdá 22 nínú 100 wọn. Nínú èyí tí gáàsì rẹ̀ kéré jù, ó tó ìlọ́po mílíọ̀nù 12 ìwọ̀n oòrùn wa. Nínú èyí tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 2.

Gáàsì alámólékù ni ohun tí a fi ń bí ìràwọ̀. Bó bá wà níbẹ̀ tó báyìí, kí ló ń dá a dúró? Àbí àwọn ìràwọ̀ tuntun wà níbẹ̀ tí a kò kà wọ́n?

Onímọ̀Rédíò dáhùn:

Àbúrò, o kú ìbéèrè. Kí n tó sọ ohun tó ń dá gáàsì dúró, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń mọ̀ pé ó wà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Háídírójìn ló pọ̀ jù nínú gáàsì yìí, átọ̀mù rẹ̀ méjì ló sì so pọ̀ di mólékù kan. Nítorí pé átọ̀mù méjèèjì jọra délẹ̀, mólékù náà kì í fọhùn nínú otútù. Gáàsì tí à ń wí yìí wà ní nǹkan bíi Kelvin 10 sí 20, bẹ́ẹ̀ ìpele àkọ́kọ́ tí háídírójìn yìí ti lè tan ìmọ́lẹ̀ ń béèrè agbára tó tó Kelvin 510. Ohun tí a ń tẹ̀ lé dípò rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mònọ́ksáìdì, ìyẹn CO, tó máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìkùukùu kan náà, tó sì ń fọhùn ketekete ní 115.27 GHz, ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.6. Awò-ọ̀nàjíjìn oní-mítà 30 ti IRAM, tó wà lórí òkè Pico Veleta ní Sípéènì, ni àwọn ATLAS3D fi ṣe iṣẹ́ tí o kà. Lónìí, ALMA ní Ṣílè, tó ní éríà 66 lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi mítà 5,000, ń jẹ́ kí a rí ìkùukùu gáàsì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú gálásì tó jìnnà sí wa ju mílíọ̀nù 50 ọdún-ìmọ́lẹ̀ lọ.

Má ṣe jẹ́ kí ìdá 22 yẹn mú ọ rò pé S0 tó ní gáàsì ṣọ̀wọ́n. Àpapọ̀ àwọn onírísí ẹyin àti S0 ni ìdá náà, àwọn tó wà nínú àgbájọ gálásì Virgo sì wà lára wọn. Ní 2003, Welch àti Sage wo S0 nìkan, àwọn tó wà nítòsí tí wọn kò sí nínú àgbájọ, wọ́n sì rí CO nínú ìdá 78 nínú 100 wọn. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ní àárín gbùngbùn gálásì náà ni gáàsì yìí máa ń wà, láàárín ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún ọdún-ìmọ́lẹ̀; kì í tàn ká àwo bó ṣe ń tàn ká ti gálásì alápá. Fi ibi tí gáàsì wà yìí sọ́kàn, nítorí mo rò pé òun ló máa dáhùn ìdajì ìbéèrè rẹ.

Aláyẹ̀wò dáhùn:

Mo gba gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Onímọ̀Rédíò sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ṣe sùúrù díẹ̀ kí a tó gbà pé gáàsì yìí lọ́ra láti di ìràwọ̀. Nǹkan méjì la fi ń ṣe ìṣirò náà: iye gáàsì tó wà, àti iye ìràwọ̀ tí wọ́n ń bí lọ́dún. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣì wá lọ́nà, àbájáde wa á ṣì wá lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti ìràwọ̀. Nínú gálásì alápá, a máa ń wo ìmọ́lẹ̀ ọ́ltíráfáyólẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ìràwọ̀ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló ń tàn án jù lọ. A máa ń wo eruku tó gbóná, tó ń tàn ní ìgbì míkírónì 22. A sì máa ń wo ìlà pupa háídírójìn tí ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ti tú ká. Nínú S0, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè tàn wá jẹ. Àwọn arúgbó ìràwọ̀ kan tí awọ òde wọn ti bọ́ máa ń tan ọ́ltíráfáyólẹ́ẹ̀tì. Àwọn arúgbó mìíràn tó ń tu eruku sí ara wọn lára máa ń tàn ní míkírónì 22. Àwọn tó sì ti ń lọ sí òpin ayé wọn máa ń gbóná débi pé wọ́n lè tú átọ̀mù háídírójìn ká bí ọ̀dọ́ ìràwọ̀ ti í ṣe.

Ti gáàsì ló tún kàn mí lára jù. CO nìkan la rí. Háídírójìn ni a ń fẹ́ mọ̀. Ìlọ́po kan tí a mú láti inú gálásì tiwa ni a fi ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Ṣùgbọ́n Sandstrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2013 pé ní àárín gbùngbùn ọ̀pọ̀ gálásì alápá, ìlọ́po náà kéré sí ti ìyókù àwo wọn, ní bíi ìdajì. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé àárín gbùngbùn ni gáàsì S0 wà, ta ló sọ pé a kò máa ka gáàsì tí kò sí níbẹ̀?

ÌyáAwòràwọ̀ dáhùn:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Aláyẹ̀wò, ìkìlọ̀ rẹ ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ dáhùn apá méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́, wo ibi tí àṣìṣe náà ń tì wá sí. Bí arúgbó ìràwọ̀ bá ń tan ìmọ́lẹ̀ tí a rò pé ti ọ̀dọ́ ni, iye ìbí ìràwọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ti pọ̀ ju òótọ́ lọ nìyẹn. Bí a bá wá yọ ìmọ́lẹ̀ àwọn arúgbó kúrò bó ṣe yẹ, ìbí ìràwọ̀ á tún kéré sí i, gáàsì náà á sì tún dà bí ohun tó lọ́ra ju bí a ti rò lọ. Nítorí náà, ìkìlọ̀ yìí kò gba S0 sílẹ̀. Ńṣe ló ń fi kún ẹ̀sùn náà.

Ti èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀. Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ATLAS3D ṣírò ní 2014 pé gáàsì inú àwọn gálásì tí kò lápá ń bí ìràwọ̀ ní ìwọ̀n tó kéré sí ti gálásì alápá ní ìlọ́po bíi 2.5. Bí ìlọ́po CO bá ṣì wá lọ́nà ní ìlọ́po 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ìyàtọ̀ náà mì. Mi ò lè sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ nínú gálásì kan tàbí òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà tí kò gba ọ̀nà ìlọ́po náà rárá, òun ni mo sì gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀rí náà ni ìṣesí gáàsì fúnra rẹ̀. Alar Toomre fi hàn ní 1964 pé nínú àwo tó ń yí, agbára mẹ́ta ló ń jà. Ìwúwo àwo náà fẹ́ kó wó lu ara rẹ̀. Ìrọ́kẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ ń tú u ká. Yíyípo rẹ̀ sì ń dènà kí àwọn apá tó jìnnà síra kóra jọ. Nínú S0, àárín tó wú náà ni ọ̀rọ̀ wà. Ìràwọ̀ pọ̀ níbẹ̀ gan-an nínú àyè kékeré, òòfà wọn sì ń mú kí gáàsì yí kíákíá. Bí yíyípo bá ti le tó bẹ́ẹ̀, gáàsì tí ì bá wó lulẹ̀ nínú gálásì alápá yóò dúró gbọn-in nínú S0. Ní 2009 ni Martig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò kọ̀ǹpútà gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀: gálásì kò nílò kí ẹnikẹ́ni gba gáàsì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dákẹ́, kí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣáà ti kóra jọ sí àárín, ìrísí rẹ̀ nìkan lè pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yẹn, mo jókòó, mo sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ mi ṣáájú ni pé ebi gáàsì ló ń pa gálásì.

Àwọn ohun tí a ti rí láti ìgbà náà ń tì í lẹ́yìn. Nínú iṣẹ́ 2014 tí mo wí, ibi tí eré yíyípo ṣì ń gòkè láti àárín ni gáàsì ti lọ́ra jù. Nínú NGC 4526, S0 kan nínú Virgo, Utomo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ìkùukùu 103 sọ́tọ̀ ní 2015, pẹ̀lú ojú tó lè rí ohun tó fẹ̀ tó nǹkan bíi ọdún-ìmọ́lẹ̀ 65. Ìkùukùu ibẹ̀ ki ju ti gálásì tiwa lọ, gáàsì inú wọn sì ń rọ́ kẹ̀kẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìbátan tí a mọ̀ láàárín bí ìkùukùu ṣe tóbi tó àti bí inú rẹ̀ ṣe ń rọ́ tó nínú gálásì tiwa, kò hàn níbẹ̀. Nínú NGC 4429, tí òun náà wà ní Virgo, ALMA jẹ́ kí wọ́n ya ìkùukùu 217 sọ́tọ̀, yíyípo gálásì náà ló sì ń fà wọ́n gùn tó sì fẹ́ fà wọ́n ya. Lẹ́yìn èyí, àwọn oníṣẹ́ WISDOM, ìwádìí kan tó ń fi ALMA wo gáàsì àárín gálásì, kéde ní 2022 pé bí ìràwọ̀ bá ṣe ki tó ní àárín gálásì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwo gáàsì rẹ̀ ṣe máa ń dán tó, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pín sí kókó kókó. Aláyẹ̀wò, sọ ìlọ́po CO náà di ìdajì tàbí kó o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, àwòrán tó dán ṣì máa dán, torí pé ibi tí gáàsì wà àti bó ṣe tò la ń wò, kì í ṣe iye rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfurufú kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá wa. Mo fi ìṣirò kan gbé e wò kí ó lè yé mi. Wọ́n ní gáàsì alámólékù inú gálásì alápá á tán láàárín nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 2 bí kò bá sí èyí tó ń rọ́pò rẹ̀. Ká ní S0 kan ní gáàsì tó jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù 100 ìwọ̀n oòrùn wa. Bó bá ń ṣiṣẹ́ bíi ti gálásì alápá, yóò bí ìràwọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó oòrùn wa kan láàárín ọdún 20. Bí a bá fi 2.5 dín in kù, ó di ọdún 50 fún ọ̀kan, gáàsì náà á sì wà fún bílíọ̀nù ọdún 5.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyàtọ̀ 2.5 yìí kò tóbi tó bí mo ti rò. Gálásì tiwa ń bí nǹkan bíi oòrùn méjì lọ́dún kan, kì í ṣe ọ̀kan láàárín ọdún 50. Èyí fi hàn mí pé ìdí méjì ló pọ̀: gáàsì S0 kéré, èyí tó sì wà níbẹ̀ tún lọ́ra. Ìdí àkọ́kọ́ ló wúwo jù nínú ìṣirò mi. Ṣé mo tọ̀nà?

Onímọ̀Rédíò dáhùn:

O tọ̀nà, inú mi sì dùn pé ìwọ fúnra rẹ lo ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé gáàsì kéré, ìyẹn gan-an jẹ́ àdììtú, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀.

Bí ìràwọ̀ bá ń darúgbó, ó ń tú lára rẹ̀ sí òfurufú padà. Ní 1976, Faber àti Gallagher béèrè ìbéèrè kan tó ṣì ń lé wa kiri: níwọ̀n bí arúgbó ìràwọ̀ ti ń tú gáàsì sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, níbo ni gáàsì náà wà nínú àwọn gálásì tí kò lápá? Welch àti Sage bá ìbéèrè yìí pàdé nínú S0 tiwọn. Wọ́n rí i pé àwọn tó ní gáàsì tútù jù lọ ní nǹkan bíi ìdá 10 nínú 100 gáàsì tí ìràwọ̀ wọn ti tú sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà. Apá kan ti gbóná di gáàsì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ X, apá kan sì ti jáde lọ, ṣùgbọ́n ìdá tí kò yẹ̀ yìí, tó ń hàn láti orí gálásì kékeré dé orí ńlá, ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí gáàsì wá láti òde, bóyá láti ara gálásì kékeré tí S0 náà gbé mì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n a lè mọ ọ̀nà tí gáàsì kan gbà wọlé: gáàsì tí ìràwọ̀ tú sílẹ̀ á máa yí sí ibi tí àwọn ìràwọ̀ ń yí sí, gáàsì àlejò sì lè yí sí ibòmíràn, kódà kó yí ní òdìkejì pátápátá. Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó ní 2011. Nínú àwọn gálásì tí kò lápá tí ìràwọ̀ wọn ń yí kíákíá, èyí tí ọ̀pọ̀ S0 wà lára wọn, yíyípo gáàsì kò bá ti ìràwọ̀ mu nínú ìdá 36 nínú 100. Níwọ̀n bí àlejò kan tún ti lè wọlé kó sì yí bá onílé mu, iye àlejò kò lè dín ní ìdá yẹn. Nínú Virgo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo gáàsì ló bá ìràwọ̀ mu níbẹ̀. Àwọn gálásì ibẹ̀ ń sáré kọjá lára ara wọn débi pé wọn kò lè gbé ara wọn mì, gáàsì gbígbóná tó kún àgbájọ náà sì ń gbọn gáàsì òde kúrò lára wọn, gẹ́gẹ́ bí Gunn àti Gott ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1972.

OníhòDúdú dáhùn:

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un ní kúkúrú. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gáàsì S0 jókòó jẹ́ẹ́. Nínú S0 kan tó ń jẹ́ NGC 1266, kò rí bẹ́ẹ̀. Alatalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2011 pé gáàsì alámólékù ń tú jáde láti àárín rẹ̀, agbára tó sì ń tì í ju èyí tí ìbí ìràwọ̀ nìkan lè ní lọ, nítorí náà ihò dúdú tó ń jẹun ní àárín ni wọ́n fura sí. Gáàsì tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ki gan-an, síbẹ̀ kò bí ìràwọ̀ tó bí ó ti ki tó. Kí yíyípo má baà gba gbogbo ẹ̀bi, ẹ rántí ọ̀kan yìí.

Aláyẹ̀wò dáhùn:

Ìyá wa, mo gbà fún yín lórí àwòrán tó dán. Ẹ̀rí tí kò gba ọ̀nà ìlọ́po CO ni mo ń wá, ẹ sì ti fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Onímọ̀Rédíò tún ṣí ìlẹ̀kùn mìíràn fún iyèméjì mi. Bí gáàsì àlejò bá wá láti inú gálásì kékeré, kábọ́ọ̀nù àti ọ́ksíjìn rẹ̀ lè kéré, CO rẹ̀ á sì kéré sí bó ṣe yẹ. Nínú irú S0 bẹ́ẹ̀, gáàsì tí a kà á dín ní òótọ́, dípò kó pọ̀ jù. Àṣìṣe méjì tó ń lọ sí ọ̀nà òdìkejì ara wọn ló wá wà nínú àkójọ kan náà, ó sì lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí àwọn S0 kan fi dà bí ẹni pé wọ́n ń fi gáàsì wọn bí ìràwọ̀ bíi ti gálásì alápá, nígbà tí ti àwọn kan kéré sí i.

ÌyáAwòràwọ̀ dáhùn:

Ibi tó yẹ kí ìjíròrò yìí dé nìyẹn, Aláyẹ̀wò. Mo fẹ́ fi NGC 404 kún un, nítorí pé ó wà nítòsí, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún-ìmọ́lẹ̀. S0 kékeré ni, arúgbó ìràwọ̀ ló kún inú rẹ̀, òrùka háídírójìn tí kò tíì di mólékù sì yí i ká lókèèrè. Awò GALEX, tó wà lójú òfurufú láti wo ìmọ́lẹ̀ ọ́ltíráfáyólẹ́ẹ̀tì, wo ibẹ̀, ó sì rí i pé inú òrùka náà gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ìràwọ̀ ti ń tàn. Gáàsì ibẹ̀ fọ́nká ju ti àárín gbùngbùn lọ, síbẹ̀ ó ń bí, níbi tí òòfà àárín kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ibo ni S0 ti lè tún di ọ̀dọ́, òde rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfurufú kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ pín àwọn S0 tí ALMA ti wò sí ọ̀nà méjì, àwọn tí gáàsì wọn ń yí bá ìràwọ̀ mu àti àwọn tí tiwọn kò bá a mu, kí n sì fi bí àwo gáàsì wọn ṣe dán tó wé ara wọn. Bó bá jẹ́ pé òòfà àárín ló ń ṣe é, àwọn méjèèjì yẹ kó dán bákan náà níwọ̀n ìgbà tí àárín wọn bá ki bákan náà. Bó bá jẹ́ pé àlejò ló ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀, ó yẹ kó hàn. Ẹ̀gbọ́n Onímọ̀Rédíò, ṣé CO lásán tó fún iṣẹ́ yìí?

Onímọ̀Rédíò dáhùn:

Fún bó ṣe dán, ó tó. Fún iye gáàsì, wá àwọn tí wọ́n tún ti wo CO tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ oníwọ̀n 13. Ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kò lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń jáde láti inú jíjìn ìkùukùu níbi tí ti CO lásán kò ti lè jáde, yóò sì jẹ́ kí o mọ èyí tí ìlọ́po rẹ̀ ṣeé gbára lé. Ọ̀wọ́ tí o máa rí á kéré. NGC 4526 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní àkọsílẹ̀ ìṣirò yíyípo rẹ̀ lọ́wọ́, màá sì fi ránṣẹ́ sí ọ lálẹ́ òní.